Ọ̀rọ̀ Tí Àbúrò Mi Kò Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Arúgbó ni mí, mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Bódìjà ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo ti gbé ẹrù kan fún ohun tó ń lọ sí ogún ọdún báyìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó mi kò mọ̀ títí ó fi kú. Àlùfáà ìjọ wa kò mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni ìwé kan tó wà lórí tábìlì mi. Ọmọ àbúrò mi ló gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní kí n kà á, kí n fọwọ́ sí i, òun ń bọ̀ wá gbà á ní ìparí oṣù. Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, mo ní láti sọ ìdí.

N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ó ti rẹ̀ mí.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. Àlàmú ni n ó máa pè é níbí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jù ú lọ. Yunifásítì ni mo wà nígbà tí ibà líle kan kọlù ú nílé wa ní Ṣàngó. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ibà náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ lọ.

Mo rántí àwọn ọjọ́ yẹn dáadáa. Agbowó kò tíì kún báyìí nígbà náà. Èèyàn lè rìn láti ẹnu géètì yunifásítì dé Ṣàngó lábẹ́ igi, kó máa ka ìwé lọ lójú ọ̀nà, kò sí ọ̀kadà tó máa gbá a. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń rìn ín lọ sílé. Èmi, ìyá wa àti Àlàmú la jọ ṣẹ̀dá èdè tiwa. Ìyá wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìka mẹ́ta lábẹ́ àgbọ̀n, omi nìyẹn. Ọwọ́ tó tẹ fìlà sápá òsì, bàbá wa nìyẹn. Èmi ni àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n ṣí bí ìwé. Bí ìyá wa bá sì fọwọ́ ti èjìká Àlàmú lẹ́ẹ̀kan, tó wá fìka kan abẹ́ ojú ara rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé, "Máa lọ, mo ń wò ọ́."

Nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití, ó kọ́ èdè ọwọ́ tí gbogbo wọn ń lò, ó sì wá kọ́ èmi náà. Mo mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń dúró wò wá. Wọ́n á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rere rè é o." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí.

Iṣẹ́ ìwé dídì ni Àlàmú kọ́, lọ́dọ̀ bàbá kan ní Agbowó. Ìwé àṣekágbá tí mo kọ ní yunifásítì, tí kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe. Ó fi òwú rán an, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ pupa mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wà lórí pẹpẹ ìwé mi títí dòní. Àwọn ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣí.

Nígbà tó yá, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ìwé. Ó fẹ́ ìyàwó, adití bíi tirẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa. Ṣadé ni n ó pe ọmọ náà. Òun ló gbé ìwé tó wà lórí tábìlì mi wá.

Ní ọdún kan, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ gba àwọn akanda ẹ̀dá díẹ̀ síṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan sì ń wá ẹni tó mọ ìwé dídì, tí yóò máa tún àwọn fáìlì àtijọ́ tó ń já dì. Àlàmú gbé ìwé ìròyìn náà wá bá mi nílé. Ó ti fi gègé fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ń wá."

Ọdún mẹ́ta la fi lé iṣẹ́ yẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, òun nìkan ló lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kó dúró, kò gbọ́, ó ń lọ. Wọ́n sáré tẹ̀lé e, wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ ya látẹ̀yìn. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹ̀wù yíya. Látọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀lé e. Olùkọ́ ìtàn ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nígbà náà, gbogbo ìgbà ni mo sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó ti ń wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.

Àlàmú mọ̀wé kọ. Ó mọ Yorùbá kọ, ó sì mọ òyìnbó kọ. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní, "Ta ló fẹ́ jókòó ka gbogbo èyí? Lọ mú ẹni tó lè sọ̀rọ̀ wá." Èmi ni ẹni tó lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ká lọ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, pé lóòótọ́ ni Àlàmú jẹ́ adití. A lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. A jókòó láti aago méje àárọ̀. Mo dìde lọ wá ibi tí mo ti máa tọ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo bèèrè pé níbo ni nǹkan dé.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káàdì ní, "A ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn. Mo ti kọ ọ́ pé kò wá."

Mo ní, "Adití ni. Ìwé pé ó jẹ́ adití gan-an la wá gbà."

Ó wo Àlàmú, ó wò mí. "Ṣé kò wá lè dáhùn ni, bàbá?"

Màmá kan tó jókòó nítòsí wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, tó bá lọ dáhùn ńkọ́? Ṣebí ẹ máa ní irọ́ ló ń pa ni."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Àlàmú bi mí pé kí ló dé, mo sọ fún un, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní ká lọ lò ká tó padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo. Ẹ lọ, ẹ padà wá. Ọ̀gá kò sí níjókòó. Fáìlì yín ti lọ sókè. Fáìlì yín kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á pariwo orúkọ, ẹni tó bá dáhùn ni wọ́n máa rí. Mo ti dáhùn "Mo wà níbí, sà" lórúkọ Àlàmú ju bí mo ṣe dáhùn lórúkọ ara mi lọ.

Kò sẹ́ni tó fún mi níṣẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá mi pín in. Mi ò fi èyí wá àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó.

Ní ọdún kẹta yẹn ni ìyá wa ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìdí rẹ̀ sì kán. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Kò lè dìde mọ́. Ẹ̀yìn ń dun ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi ti lọ sókè òkun. Àlàmú ló ń wá láràárọ̀ láti Agbowó kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á fọwọ́ gbá etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, ìyá wa á na apá, á fi rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, á gbé e sórí àga. Nírọ̀lẹ́, á tún wá gbé e padà. Ìyá wa kò gbà kí ẹlòmíràn gbé òun. Nígbà tí èmi dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó kígbe. Ó ní ọwọ́ mi le.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí lẹ́tà ilé iṣẹ́ náà dé pé ká wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Ọ̀gá tuntun ni wọ́n gbé síbẹ̀, màdámú kan tó ń wọ gíláàsì. Ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ó dìde fún wa. Ó fa bébà kan sí iwájú Àlàmú, ó fi gègé lé e. Ó ní, "Òun fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ẹ bá rí ojú Àlàmú. Ọdún mẹ́ta tí a ti ń lọ síbẹ̀, ẹnì kankan kò fi bébà síwájú rẹ̀ rí. Kò tiẹ̀ mú gègé màdámú náà. Tirẹ̀ ló yọ nínú àpò àyà.

Inú bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo ní, "Màdámú, ẹ má wulẹ̀ dára yín láàmú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbẹnu sọ fún un."

Màdámú náà fi orúnkún kan kúnlẹ̀ díẹ̀ nídìí tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò fi ti àrífín ṣe é." Ó sì fa bébà náà padà.

Wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé pé a kì í bá àbúrò sọ̀rọ̀ kọjá orí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì í. Ẹ̀kọ́ ilé ni obìnrin yẹn fi bọlá fún mi. Òun gan-an ni mo fi ja àbúrò mi lólè.

Ó ní, "Iṣẹ́ wà, sà. Ṣakí ni. Yàrá méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa fún un láti gbé. Ẹ bá mi bi í, ṣé ó lè lọ?"

Mo bi Àlàmú. Ìbéèrè náà, mo fọwọ́ ṣe é fún un bó ṣe rí, mi ò yọ nǹkan kan kúrò.

Kò jẹ́ kí ọwọ́ mi balẹ̀. Ó ní, "Mo máa lọ. Kódà lónìí. Ìyàwó mi á tẹ̀lé mi. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ó gbá fìlà ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo yíjú sí màdámú. Mo rí ìyá wa lójú ọkàn mi, lórí bẹ́ẹ̀dì, tó na apá sókè. Mo rí ara mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ tó kù. Mo ní, "Rárá, màdámú. Ó ní òun ò lè fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ò ní lè gbé lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀."

Màdámú náà wo Àlàmú tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé bó ṣe wí nìyẹn, sà? Ó jọ pé inú ẹ̀ dùn."

Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń dúpẹ́ pé ẹ rántí òun ni."

Màdámú mi orí. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Kò burú, ọ̀rọ̀ ìyàwó ni. Mi ò ní fún ẹlòmíràn títí di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá yí ọkàn padà, kẹ́ ẹ wá." Ó wo Àlàmú tàánútàánú, ó rẹ́rìn-ín sí i. Àlàmú dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja lórí ilẹ̀ ọ́fíìsì náà. Ó rò pé òun ti ríṣẹ́.

Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Èmi ni mo dúró láàárín wọn.

Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Àlàmú pé màdámú ní àwọn á fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ó ti máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n sọ pé nítorí ìyá wa ni mo ṣe ṣe é. Ohun tí mo fi tu ara mi nínú fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú, Àlàmú dé, ó gbé ìyá wa sórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ Ṣakí fún un. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ti èjìká rẹ̀, ó sì fìka kan abẹ́ ojú ara rẹ̀. Máa lọ, mo ń wò ọ́.

Ìyá wa ti yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi ni mi ò yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò ní kíláàsì láti aago mọ́kànlá. Ọ́fíìsì náà kò jìnnà sílé mi, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mo jókòó sí ìta gbangba ilé, mo ṣí ìwé ìròyìn, mo ka ojú ewé kan náà títí mo fi mọ̀ pé wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Nígbà náà ni mo tó dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ bá Àlàmú ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí. Mo sọ fún un pé lẹ́tà ti dé, pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Kò bèèrè pé kí n fi lẹ́tà náà han òun. Kò ní ìdí láti bèèrè. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ṣé nítorí etí mi ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló burú jù. Mo lè ti sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní wádìí mọ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò wádìí mọ́ lóòótọ́. Látọjọ́ náà, kò tẹ ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba kankan mọ́ nítorí ara rẹ̀. Wọ́n ṣe káàdì fún àwọn akanda, kò lọ. Wọ́n ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìlera, kò lọ. Nígbà tí ojú ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí wọ́n ń ṣètọ́jú ojú lọ́fẹ̀ẹ́ níbì kan ní Ring Road, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ. Ó ní, "Wọn ò fẹ́ adití. Ìwọ náà mọ̀." Ọ̀kan nínú ojú náà ti kú. Obìnrin tó jẹ́ pé ojú ló fi ń gbọ́rọ̀. Bóyá wọn ì bá ti rí i wò bí wọ́n bá lọ. Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ ohun tí mo mi orí sí.

Ìyá wa lo ọdún mẹ́rin sí i. Ọwọ́ Àlàmú ló kú sí. Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí yin Àlàmú pé ó tọ́jú ìyá. Wọ́n yin èmi náà. Àbúrò bàbá wa kan ní, "Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ta ni ì bá máa gbẹnu sọ fún ọmọ yẹn?" Gbogbo wọn ní àmín.

Ní ọdún tó kọjá, mo pàdé màdámú náà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Challenge. Ó ti fẹ̀yìntì, ó ń lo ọ̀pá. Ó dá mi mọ̀ kí n tó dá a mọ̀. Ó pariwo sí mi létí, nítorí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

"Àbúrò yín ńkọ́, sà? Ẹni tó kọ iṣẹ́ ìjọba nítorí ìyàwó ẹ̀! Mo ṣì máa ń fi í bú àwọn ọkọ ọmọ mi!"

Mo ní ó wà dáadáa, ó ń kí wọn.

Ṣadé ti di àgbà báyìí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ẹ̀rí jọ láti gbé lọ síwájú ìjọba, kí ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lè ní ògbufọ̀ tó mọ èdè ọwọ́. Iṣẹ́ rere ni. Gbogbo ohun tó kọ nípa bàbá rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ẹ̀wù tí wọ́n fà ya wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fẹnu pe adití wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀gá obìnrin kan ṣèlérí iṣẹ́ fún bàbá òun lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn nítorí pé adití ni. Ó fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ obìnrin náà.

Ó ní, "Bàbá Bódìjà, ẹ̀yin lẹ máa mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ pè é kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀."

Mo díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò ríbi tẹ́ ẹ máa sá sí, sà. Ẹ ti wọ ẹgbẹ́ wa báyìí."

Lóòótọ́ ni. Etí mi ti lọ. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ìfúnpá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá lọ, mo jókòó títí di ọ̀sán. Wọ́n ti pè mí, mi ò gbọ́, wọ́n ti kọ ọ́ pé mi ò wá. Nígbà tí Àlàmú gbọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun, tó ti búra pé òun ò ní tẹ irú ibẹ̀ mọ́, ló tẹ̀ lé mi lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó, ó dojú kọ ọmọbìnrin tó ń pe orúkọ, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ bàbá wa tí wọ́n fi ń pè wá síbí, ṣùgbọ́n ètè máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì béèyàn bá ń pè é. Àlàmú ti gbọ́ ọ kí etí rẹ̀ tó lọ. Wákàtí mẹ́ta ló fi wo ẹnu ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde fún orúkọ tí kì í ṣe tiwa, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ó tún jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbá mi lórúnkún. Èmi ni.

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn gíláàsì, mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ. Ó kọ ọ́ fún Àlàmú, Àlàmú ṣe é fún mi. Nọ́ọ̀sì ní kó bi mí bóyá mo ń lo oògùn mi. Mo fọwọ́ dáhùn pé mi ò lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, mo wá ní kó má kọ ìyẹn o, kó kọ ọ́ pé mò ń lò ó. Àlàmú wò mí. Ó kọ ọ́ bí mo ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ gan-an, pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹnu rẹ ni mo jẹ́. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọ."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó gba káàdì mi, ó yọ gègé nínú àpò àyà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀: "Kò gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ẹ wá fọwọ́ kàn án." Káàdì náà wà lórí tábìlì níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Ṣadé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò lè kọ orúkọ obìnrin yẹn síbẹ̀. Òun nìkan ló fi bébà síwájú àbúrò mi. Mo lè bẹ Ṣadé pé kó yọ apá ibẹ̀ kúrò, kí n sì gbé àṣírí mi lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n Àlàmú á ṣì máa gbé ayé lọ pẹ̀lú ohun tí mo mi orí sí.

Mi ò lè rán ẹnikẹ́ni sí i. Kò sí ògbufọ̀ láàárín wa. Ọwọ́ tí mo fi ṣe é ni mo máa fi sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, mo dúró níwájú dígí, mo dán an wò. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì, bébà, Ṣakí, ọjọ́ Ẹtì. Mo dé ibi tó ti bi mí pé, ṣé nítorí etí òun ni.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Rárá ni. Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo yá ẹnu sọ ọ́ fún màdámú níjọ́ náà, níbi tí kò yẹ kí n ti sọ ọ́. Òun ni mo jẹ àbúrò mi láti gbogbo ọdún yìí wá, mi ò sì tíì lè gbé ọwọ́ sókè san án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ fún ọmọ ìyá yín rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?